Níbo La Ó Ti Jó Ijó Ife: Pápá, Títì, àbí Etí Òkun?

Ìbéèrè òǹkàwé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá o. Ọ̀rọ̀ kékeré ti fẹ́ di ìjà nílé wa. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tiwa níhìn-ín, Florida Panthers, gba ife Stanley, ife tó ga jù nínú họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, títì etí òkun Fort Lauderdale ni wọ́n ti ṣe ìwọ́de ayọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú Sunrise ni pápá wọn wà, ibẹ̀ la sì ń náwó sí láti ọdún dé ọdún. Ìyàwó mi ní ẹnu ọ̀nà pápá ló yẹ kí wọ́n ti jó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Miami ní ìlú ńlá ló ni ayẹyẹ ńlá. Ní tèmi, ibi tó bá ti ní òrùlé ni mo fẹ́, torí òjò tó pa wá lọ́jọ́ ìwọ́de 2024, aṣọ ọrùn mi ò gbẹ títí mo fi délé. Ẹ sọ ọ́ fún wa: bí ẹgbẹ́ họ́kì ìlú bá gba ife, níbo ló yẹ kí ìlú ti jó?

* * *

Ọ̀rọ̀ ìní ni ìyàwó rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ: ta ló lẹgbẹ́? Kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ lo bi mí. Ẹni tó lẹgbẹ́ lọ́tọ̀, ibi tí èrò bí omi lè dúró sí láìtẹ ara wọn pa lọ́tọ̀. Èmi, tí mo bá ń wo ibi ayẹyẹ, ọ̀nà àbájáde ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Àtiwọlé ò le, ayọ̀ á gbé wọn wọlé. Àtirelé niṣẹ́ wà.

Ká tiẹ̀ wá gbà pé ọ̀rọ̀ ìní ni. Miami ni Panthers ti bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní 1998 wọ́n kó lọ sí Sunrise. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò báyìí, Fort Lauderdale ni, nínú ọgbà Holiday Park. Ọmọ tí ìlú mẹ́ta jọ ń pè ní tèmi, orúkọ wo ni kó jẹ́? Àwọn tó sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ bá kúkú fún un ní orúkọ ìpínlẹ̀. Torí náà kò sí èyí tó lè fi orúkọ gba ayẹyẹ yìí mọ́ èkejì lọ́wọ́ nínú àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Sunrise wá ńkọ́? Ìwọ alára mọ ibẹ̀. Ilé ìtajà ràgàjì kan wà nítòsí pápá, títì márosẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, tó o bá sì kọjá ìyẹn, irà Everglades ni, ilé ọ̀nì. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mọ́tò ni gbogbo ayé máa gbé wá, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó sì yẹ kí èèyàn dúró sí, mọ́tò ló máa gbà á. Títì A1A létí òkun ní tirẹ̀ gùn gbọọrọ, òkun lápá kan, hòtẹ́ẹ̀lì lápá kejì. Ìwọ́de ò wá ibi tó fẹ̀, ibi tó gùn ló ń wá. Tí èrò bá pọ̀ jù níwájú rẹ, wàá rìn sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ igba, wàá sì ráyè.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn eléré ti yan ibẹ̀ kí ìjọba tó yàn án. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n na ẹgbẹ́ Edmonton tán ní 2024 tí wọ́n ti gbé ife dé etí òkun, tí Matthew Tkachuk, eléré wọn kan, gbé e wọnú òkun lọ tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu. Ife fàdákà tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ń fi ìbọ̀wọ́ funfun gbé, omi iyọ̀ ti gbà á!

Ti òjò, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń parí ìdíje yìí, òjò ọ̀sán oṣù kẹfà ní Florida kì í dúró de ìpè. Pápá yín gba bí 19,000 èèyàn. Tí ìwọ bá wà lábẹ́ òrùlé, tí ara rẹ gbẹ, àwọn yòókù ńkọ́?

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹnu ọ̀nà pápá ti tó, ẹgbẹ́ kan ti bá yín dán an wò. New Jersey Devils gba ife ní 1995, ní 2000 àti ní 2003. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó yí pápá wọn ká ní East Rutherford ni wọ́n ti ṣàjọyọ̀, àwọn alátìlẹ́yìn New York Rangers sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ di òní. Ìdí ni pé ọdún kan péré ṣáájú ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ní June 17, 1994, Rangers gbé ife tiwọn gba títì Broadway nísàlẹ̀ Manhattan, lẹ́yìn ọdún 54 tí wọn ò ti fojú kàn án, tí bébà wẹ́wẹ́ ń já bọ́ láti ojú fèrèsé àwọn ilé gíga. Odò Hudson ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Lápá ìhín odò, bébà ń rọ̀ láti òkè. Lápá ọ̀hún, ilà funfun tí wọ́n fi ń pín àyè fún mọ́tò ni wọ́n ń jó lé.

Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín yẹn dé òpin. Ẹgbẹ́ yẹn ò ní ìlú nígbà náà, orúkọ ìpínlẹ̀ ló ń jẹ́, àárín àwọn títì márosẹ̀ ni pápá rẹ̀ sì wà. Ní 1995 gan-an, ariwo ti ta pé wọ́n fẹ́ kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Nashville. Ẹni tó ń jó tí ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ibo lẹ fẹ́ kó jó dé?

Àléébù tí mo rí lára ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe pé kò lẹ́wà. Kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì débẹ̀ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ra ẹ̀wù, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní títì àárín ìlú, akọ̀wé á yọjú lójú fèrèsé, ìyá tó ń lọ ra oògùn á dúró wò, ọmọdé tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ họ́kì á béèrè pé kí ni ìkòkò fàdákà gíga tí àwọn bọ̀dá yẹn gbé dání. Ẹgbẹ́ ti bí ọmọ tuntun nìyẹn.

Láti 2007, Devils ti kó wọ Newark, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá sì wà nítòsí pápá wọn tuntun. Bí ife bá tún dé ọwọ́ wọn, mi ò ní gba àwáwí kankan mọ́.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ṣé mo ti lọ síbi ìwọ́de rí, àbí orí àga ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ti lọ. Chicago ni mò ń gbé nígbà náà.

June 28, 2013, ọjọ́ Jímọ̀. Blackhawks, ẹgbẹ́ họ́kì ìlú náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ní Boston. Góòlù méjì ni wọ́n jẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 17 nígbà tí eré ti fẹ́ parí, èyí tó mú kí èmi tí mo ti pa tẹlifíṣọ̀n tún sáré lọ tàn án. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe mọ́jú ọjọ́ ìwọ́de yẹn. Aago méje ni mo délé, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù pupa tó ní nọ́ńbà 88 lẹ́yìn dé e ní orúnkún. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ fẹ́ sùn?

A dé ibùdókọ̀ ojú irin ní agbègbè wa. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ò dúró, ó kún. Èkejì ò dúró, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń juwọ́ sí wa bí ẹni ń re òkè òkun. Ẹ̀kẹta la rí wọ̀, ìdúró la dúró dé ìlú, ìgúnpá ọkùnrin kan wà nínú ìhà mi, òun náà ń bẹ̀ mí pé kì í ṣe ẹjọ́ òun.

Grant Park ni wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀, lórí pápá koríko tí wọ́n ń pè ní Hutchinson Field. Ìjọba ìlú sọ lẹ́yìn náà pé mílíọ̀nù méjì èèyàn ló jáde lápapọ̀. Mi ò ka orí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò rí ilẹ̀. Oòrùn mú. Mo gbé ọmọ sí èjìká, èmi ò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn lọ. Nígbà tó yá ó kígbe: "Dádì, mo rí i!" Mo ní kí lo rí. Ó ní, "Nǹkan tó ń dán." Ó tán, kò tún rí i mọ́. Gbogbo ohun tí a lọ wò nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ̀ dé. Ìlà tó wà níwájú àwọn ilé ìtọ̀ alágbèéká gùn débi pé a ò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọmọ padà sí èjìká kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ní kó fara dà á. Ó fara dà á títí kò fi lè fara dà á mọ́. Mo kàn ṣàdédé rí i pé ọrùn mi ń gbóná ni. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ aṣọ ìnura pupa tí wọ́n fi ń juwọ́ sí ẹgbẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo ṣì ní aṣọ ìnura yẹn.

Nígbà tí a ó padà, àwọn afárá tó kọjá lórí ojú irin láàárín ọgbà náà àti ìlú ló di ọrùn ìgò. Gbogbo wa fẹ́ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí méjì ó lé la fi rin ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú ogún rìn. Ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà àbájáde.

* * *

Kí ẹ má bàa ní mo fi apá kan pamọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2015. Blackhawks tún gba ife. Òjò ti rọ̀ títí, ilẹ̀ Grant Park ti di ẹrẹ̀, wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ sí Soldier Field, pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gba bí 61,000. Ìwọ́de ṣì gba àárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ pápá gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pín in.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kí aago tó lù. Mo tẹ̀ ẹ́. Òbìrí kan ń yí lójú rẹ̀, ó yí, ó yí, nígbà tó dúró, ó ní ó ti tán. Kò pẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ yẹn náà ló ti wà níbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà á lówó gọbọi. Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀wù 88 ti wá bá a mu gẹ́gẹ́, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ti wọ̀ ọ́.

Aládùúgbò wa kan rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà ní tirẹ̀. Títí di bí mo ti ń wí yìí, òun ò gbà fún mi. Ó ní òun jókòó, òun rí ife láti ibi tí wọ́n ti gbé e wọlé títí wọ́n fi gbé e jáde, òun lọ sílé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá òun tó ń fi ọ̀pá rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. "Ìyá mi ò lè dúró ní Grant Park," ó ní. Mi ò rí èsì fún un, torí òótọ́ ló sọ. Títì kì í ṣe ibi ìgbádùn fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹni tó bá ń kígbe pé títì ni ti gbogbo ayé, kó kọ́kọ́ ya ibì kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá títì fún àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, tòun ti àga àti ìbòji. Kó tó di pé ó ya ti àwọn olówó.

* * *

Àwọn ará Tampa ní tiwọn, orí omi. Ẹgbẹ́ wọn, Lightning, gba ife ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, wọn ò fẹ́ kí èèyàn dì mọ́ra, ni wọ́n bá kó àwọn eléré sínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Hillsborough, èrò wà ní bèbè lápá méjèèjì. Ó dùn débi pé ní 2021 tí wọ́n tún gbà á, omi náà ni wọ́n tún lọ. Odò ní bèbè méjì, èyí tó ju ti etí òkun lọ.

Ní 2021 yẹn ife ṣubú, orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, wọ́n sì ní láti gbé e lọ fún àtúnṣe. Àwọn kan ní omi ló fà á. Ẹ yé purọ́ mọ́ omi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Colorado gbà á, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lé wọn lọ́wọ́, orí yìnyín níbẹ̀, eléré wọn kan ṣubú tòun ti ife, ó tún tẹ̀. Ife tó wúwo tó bíi kílò 15 ó lé, tí ẹni tó gbé e ò tíì sùn, ibi gbogbo ló ti lè bọ́.

* * *

Òǹkàwé mìíràn gbé e kò mí lójú: "Gbogbo títì tí ẹ ń kì yìí, ṣé ẹ ti gbàgbé Vancouver ni? Ẹ gbàgbé ìbọn? Nínú pápá wọ́n á yẹ àpò wò, ìjókòó ní nọ́ńbà. Tí ọmọ yín bá sọnù níta ńkọ́?"

Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ má da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra. June 15, 2011, Vancouver pàdánù eré àṣekágbá keje sọ́wọ́ Boston, 4 sí 0. Èrò tó ju 100,000 ti wà ní àárín ìlú níwájú àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé síta, ọtí ti wọ ara, ilẹ̀ ń ṣú, ìbànújẹ́ sì dé. Wọ́n dáná sun mọ́tò, wọ́n fọ́ ilé ìtajà. (Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará ìlú kan náà jáde tàwọn ti ìgbálẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ àforíjì sára pátákó tí wọ́n fi dí fèrèsé. Ìyẹn ni mo máa ń rántí jù.) Ìyẹn kì í ṣe ìwọ́de, ife wo ni wọ́n fẹ́ gbé wọ́de? Montreal ní June 9, 1993, wọ́n tiẹ̀ gba ife ní tiwọn, síbẹ̀ òru ọjọ́ náà, òpópónà Sainte-Catherine ò fara rọ. Alẹ́ eré àṣekágbá lọ́tọ̀, ọjọ́ ìwọ́de lọ́tọ̀. Ìwọ́de ń dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ní ọ̀sán, nígbà tí ẹni tó mutí ti sùn, tó ti jí, tó sì ti ń tijú.

Ti ìbọn, níbẹ̀ lo mú mi. Kansas City ní February 14, 2024, ayẹyẹ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: ẹnìkan kú, àwọn tó lé ní ogún fara gbọgbẹ́. Toronto ní June 17, 2019, ayẹyẹ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀: ìbọn ba èèyàn mẹ́rin. Ọ̀sán gangan ni méjèèjì, ọlọ́pàá pọ̀ lọ bíi eṣú. Torí náà mi ò ní sọ pé ọ̀sán ti tó.

Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé ibi tí gbogbo èrò parí sí ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí wọ́n ti dúró fún wákàtí gbọọrọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń rántí lọ́jọ́ kejì. Ní Toronto, ọkọ̀ àwọn eléré pẹ́ lọ́nà ju bó ti yẹ lọ, èrò inú Nathan Phillips Square sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń dúró. Títì ò burú, ìkòkò tí a ń da títì sí lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Kí ìwọ́de kọjá, kó máa lọ, kí oníkálùkù rí ife fún ìṣẹ́jú kan níbi tó dúró sí, kó relé. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, tẹlifíṣọ̀n á gbé e.

Ti ọmọ tó sọnù: kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí i lápá pẹ̀lú bírò tí omi ò lè fọ̀ dànù. Má kọ ọ́ sórí bébà, ó máa sọnù ṣáájú ọmọ.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí "ìlú tó ni ín", ẹ jẹ́ kí n dá yín lẹ́rìn-ín. Vegas Golden Knights gba ife ní 2023, nínú sáà kẹfà péré tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Orí Strip, títì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn, ni wọ́n ti wọ́de. Gbogbo ayé ní Las Vegas ni. Rárá o. Apá Strip tí wọ́n rìn yẹn àti pápá wọn, kò sí èyí tó wà nínú ààlà ìlú Las Vegas. Paradise ni wọ́n ń pe ibẹ̀, abẹ́ ìjọba Clark County ló wà. Ẹni tó ń jó níbẹ̀ ò béèrè.

Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ti aago: aago méje ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí oòrùn aṣálẹ̀.

* * *

Washington ló sún mọ́ ohun tí mò ń wí jù. Ní 2018, kí ìjọba tó ṣètò ohunkóhun, àwọn eléré Capitals ti gbé ife lọ síbi omi tó ń tú jáde nílẹ̀ ní Georgetown, Ovechkin, balógun wọn, sùn gbalaja nínú omi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé. June 12, wọ́n gba Constitution Avenue, wọ́n parí sí National Mall, pápá koríko gbọọrọ tó wà láàárín ìlú. Mo ní mi ò fẹ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n Mall kì í ṣe ìkòkò, awo pẹrẹsẹ ni. Ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó yí i ká ju mẹ́ta lọ. Tí ọ̀kan bá dí, ẹsẹ̀ á gbé ọ dé òmíràn. Àròyé kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ọjọ́ Tuesday ni, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ wákàtí-wákàtí, owó wa ló ń lọ. St. Louis lo ọjọ́ Saturday ní 2019, ẹ̀yin náà ní Florida lo Sunday. Ìyẹn sàn.

Montreal ní tiwọn ò tiẹ̀ ń jiyàn lórí ibi. Ife 24 ni wọ́n ní. Láyé ìgbà tí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, láti 1976 dé 1979, ohun tí wọ́n kàn máa ń sọ ni pé ìwọ́de máa gba ọ̀nà tó máa ń gbà. Ìgbéraga wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá mọ igun tó máa ń dí, onílé ìtajà mọ ìgbà tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn, òbí mọ ibi tí àwọn ọmọ á pàdé rẹ̀ bí wọ́n bá pínyà. Ìlú tó ń yí ibi padà lọ́dọọdún, ọdọọdún ló ń kọ́ gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìwọ tó o béèrè.

Ẹnìkan ti fi òṣùwọ̀n tèmi wọn etí òkun yín, ó sì bá mi wí: A1A wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi yí ká, afárá ni gbogbo èrò máa gbà padà. Sunrise Boulevard, Las Olas, òpópónà kẹtàdínlógún, àwọn ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Níbo ni ọ̀nà àbájáde tí mò ń pariwo rẹ̀ wà? Ó mú mi dáadáa. Afárá tí wọ́n sì ń gbé sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá wà nínú wọn! Mo ṣì dúró lórí etí òkun, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe: kí wọ́n má gbé afárá kankan sókè lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí wọ́n má jẹ́ kí mọ́tò gorí ọ̀kan nínú wọn, kó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ìwọ náà, gbé mọ́tò rẹ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn omi, kó o fẹsẹ̀ rìn kọjá. Má lọ sítòsí pèpéle ọ̀rọ̀. Dúró síbi tí ìwọ́de ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ohùn àwọn eléré ò tíì há. Agbòjò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á bú ọ. Ẹ̀wù òjò ni kó o rà.

Fún ọ̀rẹ́ rẹ ní Miami: àṣà wà, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1995 (àwọn Devils tẹ́ ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀), pé eléré kọ̀ọ̀kan á gba ife fún ọjọ́ kan nígbà ẹ̀rùn, á gbé e lọ síbi tó wù ú. Kó wá eléré kan bẹ̀.

Fún ìyàwó rẹ, ní kó wo àwòrán ojú ọ̀nà dáadáa. Sunrise Boulevard tó kọjá lẹ́bàá pápá yẹn, kó fi ìka tẹ̀ lé e lọ sí ìlà-oòrùn, kó má yà sí ọ̀tún, kó má yà sí òsì. A1A ló máa já sí, etí òkun gan-an, níbi tí wọ́n ti jó.